Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí tíráńsífọ́mà inú máíkírówéfù

Ọwọ́ àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ḿù kiri ni mo ti ń rí tíráńsífọ́mà tí mo ń tún ṣe lọ́jọ́ ìsinmi, inú máíkírówéfù tòkunbọ̀ tó ti kọṣẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Kò tóbi, ṣùgbọ́n òun ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi, nítorí pé ó ń sọ 230 fólítì di nǹkan bí 2,000 fólítì, agbára tó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ọkàn ènìyàn lè fara dà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń yọ ọ́ kúrò nínú iná, mo sì gbà pé iná ṣì wà nínú kàpásítọ̀ tó bá a rìn nínú máíkírówéfù, ìyẹn ohun tó ń fi iná pamọ́, títí n ó fi tú u dànù, tí mítà yóò sì jẹ́rìí sí i. Lóòótọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi rẹsísítọ̀ sínú kàpásítọ̀ náà kó lè máa tú iná rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí rẹsísítọ̀ yẹn bá ti já, kò sí bí èèyàn ṣe lè fojú mọ̀ láti ìta.

Àwọn kan sọ fún mi pé RCD tó wà nílé wọn, ìyẹn ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, yóò gbà wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tó ń jáde lára tíráńsífọ́mà kò bá ti ilé tan mọ́, nítorí náà bó bá gba ara ènìyàn kọjá, RCD kò ní rí àléébù kankan tí yóò fi já. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń fi tíráńsífọ́mà yìí jó àwòrán bí ẹ̀ka igi sára pákó ti kú débi pé American Association of Woodturners, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ igi, fòfin de iṣẹ́ náà níbi ayẹyẹ wọn. Ẹni tó bá ní kí n ṣe irú rẹ̀ fún òun, n kì í gbowó rẹ̀.

Àtúnṣe tí mo fara mọ́ ni kí a sọ ọ́ di ohun tí a fi ń jó irin mọ́ra, kí a sì gé waya tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé fólítì ńlá jáde dànù pátápátá. Ayùn irin ni mo fi ń gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ṣe déédéé pẹ̀lú irin, lẹ́yìn náà ni n ó fi igi líle gbá ìyókù jáde láti ẹ̀yìn. Níbí ni sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jù, torí pé bí ayùn bá ha waya tó ń gba iná wọlé, tí fáníìṣì tó bo waya náà sì bó, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nínú ihò tó ṣófo yìí ni mo ti ń wé okùn waya nínípọn tí àwọn wẹ́dà ń lò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wíwé kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fólítì kan wá, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ fi waya kékeré wé e nígbà mẹ́wàá, kí n fi mítà wọ̀n ọ́n, kí n sì fi mẹ́wàá pín in. Wíwé ẹ̀ẹ̀mejì péré tó láti fi jó páànù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra.

Kí n tó so ó mọ́ iná gan-an, gílóòbù 100 wáàtì onírin, èyí tó ń gbóná, kì í ṣe LED, ni mo ń so mọ́ ọn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, kí iná lè gba inú gílóòbù kọjá kó tó dé inú tíráńsífọ́mà. Bí gílóòbù náà bá tàn bàìbàì, kò burú. Bó bá tàn kedere bí ẹni pé kò sí tíráńsífọ́mà níbẹ̀, waya inú rẹ̀ ti jó mọ́ra.

Ẹni tó bá ra èyí tó wá láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn pé 120 fólítì àti 60 hẹ́tísì ni wọ́n ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ 50 hẹ́tísì ni tiwa (hẹ́tísì ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Bí a tilẹ̀ fún un ní 120 fólítì, agbára òòfà yóò kún inú irin rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, yóò máa kùn, yóò sì gbóná láìṣe iṣẹ́ kankan. Nǹkan bí 100 fólítì ni mo ń fún un. Lẹ́yìn náà, fáànù kékeré kan ni mo ń kọ sí i, mo sì ń jẹ́ kó tutù láàárín iṣẹ́.