Suzanne tí wọ́n ní kò lórúkọ

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Àárọ̀ yìí ni mo tẹ̀lé Màámi lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí owó tí Bàámi fi sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì bi wọ́n pé ìwé ìgbéyàwó wọn dà. Màámi ní àwọn kò gba ìwé kankan, ìdána ni wọ́n ṣe. Ẹbí méjèèjì péjọ, wọ́n gbé obì, atare, iṣu àti oyin kalẹ̀, bàbá wọn sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọ́n súre. “Ọmọ mi, ọmọ márùn-ún ni mo bí fún bàbá wọn, ọwọ́ mi sì ni bàbá wọn kú sí.” Ọmọ náà kò yájú sí wọn o. Ó kàn ń sọ ọ́ ṣáá pé fọ́ọ̀mù ló ń bèèrè ìwé. Màámi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Láti ìgbà náà ni Suzanne kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọdún 1803, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Kánádà, William Connolly, òyìnbó tó ń bá ilé iṣẹ́ North West Company ṣòwò awọ ẹranko onírun, fẹ́ Suzanne, ọmọ ìjòyè kan nínú ẹ̀yà Cree, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kóòtù nítòsí. Àṣà àwọn Cree ló tẹ̀lé: ó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì kó ẹ̀bùn wá. Bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò awọ ṣe ń gbéyàwó níbẹ̀ nìyẹn, wọn kì bá sì yè bí kì í bá ṣe àwọn obìnrin yìí. Àwọn ló ń fá awọ, tí wọ́n ń rán bàtà, tí wọ́n ń hun bàtà ńlá tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín, tí wọ́n ń gún ẹran gbígbẹ mọ́ ọ̀rá fún ìrìn àjò. Àwọn náà ni ògbufọ̀. Ẹbí wọn ló sì di oníbàárà ọkọ.

Suzanne bá Connolly gbé fún nǹkan bí ọdún 28, ó bímọ fún un. Ní 1831, ọkùnrin yìí kó wọn wá sí agbègbè Montreal. Ní 1832, ó fẹ́ ìbátan rẹ̀, Julia Woolrich, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tí kò láya rí. Suzanne lọ sí Red River ní ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ àwọn sístà Àgùdà ló wà títí ó fi kú ní 1862. Julia ni Connolly kó gbogbo dúkìá rẹ̀ fún.

Nínú àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó, Suzanne Pas-de-nom ló ń jẹ́. Èdè Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò lórúkọ. Ọmọ ìjòyè! Ó dùn mí ju ti dúkìá lọ.

John, ọmọ Suzanne, ló pe Julia lẹ́jọ́. Ní 1867, Adájọ́ Monk ní Montreal dájọ́ pé dídé àwọn òyìnbó kò pa òfin Cree rẹ́, pé aya gidi ni Suzanne, kí John gba ìpín tirẹ̀ nínú ìdajì dúkìá tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún márùn-ún tí Suzanne ti kú.

Amelia, ọmọ Suzanne obìnrin, fẹ́ James Douglas, oníṣòwò awọ mìíràn, lọ́nà kan náà ní 1828. Douglas kò kọ̀ ọ́. Ní 1837 wọ́n tún un ṣe níwájú àlùfáà, nígbà tó sì di gómìnà, Amelia náà ló jókòó tì í. Ọkọ ló yàtọ̀, àṣà ìgbéyàwó kan náà ni.

Ní 1869 tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ Monk ni ìjọba Kánádà ṣòfin pé obìnrin onílẹ̀ tó bá fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe onílẹ̀ kì í ṣe ara àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́, òun àti ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin onílẹ̀ tó fẹ́ òyìnbó kò pàdánù nǹkan kan. Ẹjọ́ Jeannette Corbiere Lavell, obìnrin onílẹ̀ kan tí òfin náà kàn, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó pàdánù ní 1973. Sandra Lovelace, onílẹ̀ bíi tirẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. 1985 ni wọ́n tó yí òfin náà padà.

Nínú ẹjọ́ John, àwọn àgbàlagbà tó ti ṣòwò awọ rí ló wá jẹ́rìí ní Montreal pé bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó lọ́hùn-ún nìyẹn. Àbúrò Bàámi tó wà níbi ìdána Màámi ṣì wà láàyè. Mo pè wọ́n nírọ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn yóò bá wa dé kóòtù lọ́la láti búra. Wọ́n ní aṣọ tí àwọn wọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú àpótí, òun ni àwọn máa wọ̀ wá.