Ẹyin mẹ́fà péré
Ẹyin mẹ́fà péré ni mo sè láàárọ̀ yìí, ojú mi rí nǹkan! Èèpo tó ń ṣí kò ju orí èékánná lọ, ó sì ń fa funfun ẹyin dání. Èyí tó kẹ́yìn rí gbágungbàgun, pupa inú rẹ̀ ti yọjú síta. Ẹ̀bi mi náà ni: ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ni, inú omi tútù ni mo sì ti gbé e kaná. Èyí tó bá ti pẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan kì í lẹ̀ mọ́ èèpo tó bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ omi tó ti ń hó la kó o sí. Ọmọ mi wo abọ́, ó ní, "Mọ́mì, ṣé eku ló jẹ ẹ́ ni?" Mi ò dá a lóhùn. Mo wọ́n iyọ̀ sí i, mo jẹ ẹ́.