Orúkọ Mẹ́rin fún Ọ̀pá Kan: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ọyẹ́ ti dé sí Òṣogbo. Lásìkò òjò, ọ̀dà kì í tètè gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, kí o tó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, lẹ́tà ti gbẹ, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà láti ọjọ́ kejì Kérésìmesì títí ọdún á fi yí. N óò jókòó ti ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ sí, n óò ṣírò: pátákó mélòó ni mo kọ, ta ló jẹ mí lówó, ta ni mo jẹ. Lọ́dún yìí mo ṣí ìwé náà, mo rí i pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ọkàn mi. Owó tí mo rí nídìí rẹ̀ kò tó nǹkan. Òun náà ni mo fẹ́ sọ.

Oṣù kẹta ni ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ gbé pátákó ọlá wá bá mi, èyí tó ti wà lára ògiri gbọ̀ngàn kí èmi tó wọlé síbẹ̀. Pákó ìrókò ni, ó ga jù mí lọ. Ọ̀dà dúdú ló wà lára rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì ní àwọ̀ wúrà. Ikán kò rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n òrùlé ti jò lé e lórí fún ọdún mélòó kan, lẹ́tà ibòmíràn ti ń ṣí. Àwọn eléré ìdárayá tó gbé orúkọ ilé-ìwé wa ga ló wà níbẹ̀, ọdún dé ọdún. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò le: kí n fi sáńpépà họ ọ́, kí n tún un kùn, kí n sì dá gbogbo orúkọ padà bí mo ṣe bá a.

Mo ń fi pẹ́ńsùlù da orúkọ kọ̀ọ̀kan kọ sínú ìwé kí n tó họ wọ́n. Mo dé 1994. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: eré rìlé 4x100, obìnrin, ipò kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ẹyọ ẹnì kan.

Ọwọ́ mi dúró.

Mo wà ní pápá lọ́jọ́ náà. SS1 ni mo wà, mo jókòó sórí koríko lẹ́bàá kọ́nà kejì, oòrùn ń pa wá, a ń kọrin títí ohùn fi há. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ń gba ọ̀pá kan lọ́wọ́ ara wọn. Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí ẹnì kẹta wọn gba ọ̀pá níwájú mi, ilé-ìwé méjì ló ṣíwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ sínú kọ́nà yẹn bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀, mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lu ilẹ̀ (kò wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ló fi sá a). Nígbà tó fi máa yọ lẹ́nu kọ́nà, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ mọ́. Ó na ọ̀pá sí ẹni ìkẹyìn, ìyẹn gbà á, ó já rìbọ́ọ̀nù. Ẹni tó já rìbọ́ọ̀nù ni gbogbo ayé rí. Òun náà ni wọ́n kọ sára pátákó.

Mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ eré ìdárayá ti bá òjò lọ, kí n kọ ohun tí mo bá kọ. Mo ní n kò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ṣé o mọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó kù?" Ojú wọn ni mo mọ̀. Síníọ̀ wa ni wọ́n jẹ́, "Síníọ̀" náà ni a sì ń pè wọ́n. N kò mọ orúkọ bàbá ẹnì kankan nínú wọn.

Tíṣà tó ń kọ́ wa léré ìdárayá ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, Òkè-Baalẹ̀ ni ilé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Bàbá kò tíì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Àwọn mẹ́rin yẹn? Jókòó." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé páìpù omi kékeré kan jáde, téèpù pupa tí wọ́n wé mọ́ ọn ti ṣá. Wọ́n ní ilé-ìwé kò lówó bàtónì nígbà náà. Bàtónì gidi kì í ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, kì í sì í kúrú ju 28, nítorí náà rúlà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi wọn páìpù náà kí wọ́n tó gé e. Ọ̀pá yìí ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́ fún odidi ọdún kan gbáko.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn mí ní pálọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè gbéra nílẹ̀. Kọ́nà ni yóò sá, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fi gbé ọ̀pá kó lè rọ̀ mọ́ etí inú ojú ọ̀nà rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ẹnì kejì fi ń gbà á, ọ̀nà tó lọ tààrà ni tirẹ̀. Ẹnì kẹta tún wà ní kọ́nà, ọ̀tún ló fi ń gbà á. Ẹni ìkẹyìn, òsì. Ẹni tó ń gbà kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Eérú ni Bàbá fi ń sàmì sílẹ̀, ẹsẹ̀ mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ibi tí ẹni tó ń gbà dúró sí. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti tẹ eérú, tiwájú á gbéra, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á sì gbọ́kàn lé ẹni ẹ̀yìn rẹ̀. Mítà 20 péré ni àyè tí ọ̀pá ti gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà náà; láti oṣù kọkànlá 2017 ló ti di 30. "Ọmọ tó já rìbọ́ọ̀nù yẹn lẹ́sẹ̀," Bàbá wí, "ṣùgbọ́n ṣé ọwọ́ òfo ló ì bá gbé débẹ̀ ni?"

Wọ́n dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi láìṣẹ́jú, pẹ̀lú kíláàsì tí wọ́n wà àti agbo ilé tí wọ́n ti wá. Ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Ẹni tó sá ìbẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ọjà Ìgbọ̀nà ló ti ń ta ẹ̀lùbọ́, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo kí wọn, mo ní eré rìlé ọdún 1994 ló gbé mi wá. Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀lùbọ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò gbé e sílẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Ọmọ wọn kan tó ń dì í sí ọ̀rá bi wọ́n pé, "Màámi, eré wo?" Àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ ọ rí! Ìyá Ìbejì dìde níwájú àwọn oníbàárà, wọ́n na kóńgò síwájú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n pariwo pé, "Gbà!" Ẹ̀lùbọ́ dà sílẹ̀. Ohùn yẹn gan-an ni mo gbọ́ ní pápá lọ́jọ́ náà.

Ìkìrun ni ẹnì kejì wà, nọ́ọ̀sì ni. Orí fóònù la ti parí ọ̀rọ̀.

Ẹnì kẹta, ẹni kọ́nà mi, Ẹdẹ ló ń gbé. Mo pè é nínú oṣù kẹfà. Ó kọ́kọ́ rò pé oníjìbìtì ni mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé bó ṣe sá kọ́nà yẹn fún un, ó pa lọ́lọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní fọ́tò àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n wá mú un kí n lè rí bí wọ́n ṣe rí. Mo ní n óò wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹdẹ, ibi tí mo lè lọ kí n sì bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀sẹ̀ náà dé, iṣẹ́ dé. Oṣù keje wọlé, ọdún Ọ̀ṣun ń kanlẹ̀kùn, gbogbo ìlú ń wá ẹni tó máa kọ nǹkan fún wọn. Mo ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Nínú oṣù kẹjọ mo tún pe nọ́ńbà náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e. Wọ́n ti sin ín, ọjọ́ mọ́kànlá ti kọjá.

N kò rí nǹkan mìíràn tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí. Kì í ṣe ẹbí mi, a kò sì pàdé rí lẹ́yìn ọjọ́ tí mo jókòó sórí koríko yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fẹ́ bá a sọ, n kò sì sọ ọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí Sunday Bada. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Sydney lọ́dún 2000, òun, Enefiok Udo-Obong, Jude Monye àti Clement Chukwu sá rìlé 4x400 fún Nàìjíríà, ìṣẹ́jú 2:58.68, Amẹ́ríkà nìkan ló ṣáájú wọn. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀, wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ wọn. Oṣù keje 2012 ni wọ́n tó sọ wúrà náà di ti Nàìjíríà. Bada ti kú ní oṣù kejìlá 2011. Oṣù méje péré ló kù. Ọlá rẹ̀ dé, kò bá a nílé. Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé wọn kò gbàgbé Nduka Awazie àti Fidelis Gadzama, tó sáré kí wọ́n tó dé àṣekágbá.

Ẹ tún wo Barcelona 1992, nígbà tí àwọn obìnrin wa gba idẹ nínú 4x100. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wo eré náà, Mary Onyali ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Beatrice Utondu, Faith Idehen àti Christy Opara-Thompson náà sá mítà ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kan náà ni.

Mo kọ̀wé sí ẹnì kẹrin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí pátákó. Òkè òkun ló wà. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ó ń sunkún nínú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí pátákó yẹn ni ojú ti máa ń ti òun, òun kò sì mọ ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà ló ní kí n to orúkọ wọn bí wọ́n ṣe sá a, kí tòun kẹ́yìn.

Bí mo ṣe tò ó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù kò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Kápútẹ́nì nìkan ni wọ́n kọ fún ikọ̀ tó gbé ife ní 1987. Nígbà tí mo ní kí a kọ gbogbo wọn, àti àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, WhatsApp ẹgbẹ́ wa gbóná fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan ní àyè kò sí. Ẹnì kan ní kí a kúkú tẹ fulẹ́ẹ̀sì. Fulẹ́ẹ̀sì! Oòrùn Òṣogbo á pa á láàárín ọdún méjì. Mo dín lẹ́tà kù, mo ra pákó kejì lówó ara mi, mo kan án mọ́ ti àkọ́kọ́, àyè sì wà.

Ibì kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi tún ti dúró: orúkọ ẹnì kẹta. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n fi "olóògbé" ṣíwájú rẹ̀. Mo ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá sọ fún wọn pé 1994 ni ohun tí mo ń kọ. Ní 1994, kò kú. Kọ́nà ló wà, ó ń sáré. Wọ́n gbà fún mi.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá la gbé pátákó náà padà sí gbọ̀ngàn. Bàbá Tíṣà mú páìpù wọn dání. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí kún ibẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ Tobi Amusan, wọ́n mọ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ló fi fo họ́dù ní Eugene lọ́dún 2022, wọ́n mọ̀ pé ilé-ìwé girama bíi tiwọn ló lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé obìnrin tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ìgbọ̀nà ti sá eré nínú aṣọ ilé-ìwé wọn rí. Nígbà tí Ìyá Ìbejì bọ́ síwájú, ariwo tí àwọn ọmọ náà pa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé tuntun wa. Ọmọ ẹnì kẹta wá láti Ẹdẹ. Ó fi ìka kan orúkọ ìyá rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Mo sọ ọ̀rọ̀ kọ́nà náà fún un, gbogbo rẹ̀ pátá, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó ṣì ń wá fọ́tò yẹn.

Orúkọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kún pátákó náà. Mẹ́fà ṣì kù tí a kò tíì rí, ọ̀kan nínú wọn ni gólì ikọ̀ 1987. Àná ni kápútẹ́nì rẹ̀ pè mí pé ó wà ní Ẹ̀jìgbò, pé ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi sábẹ́ oṣù kìíní. Mo wò ó, mo fà á rẹ́. Mo ti bá ọmọ gólì náà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ní aago méje ọ̀la, n óò ti wà ní gáréèjì.