Bàbá kan, orúkọ ìdílé mẹ́ta

Ọjọ́ tí a sin bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Pósí wà láàárín pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè, àlùfáà ti ṣí ìwé àdúrà, nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí n kò mọ̀ rí. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ìdí pósí ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n gbọ́wọ́ lé e, wọ́n sì ké: "Àkànní! Àkànní ọmọ Apènà, ọmọ a-pe-awo-kí-awo-jẹ́! Ará Ìlúgùn, o ò dúró dè mí!" Oríkì náà kò dáwọ́ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé pa lọ́lọ́. Àlùfáà rọra pa ìwé dé.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, àmọ́ kì í ṣe ikú nìkan ló pa mí lẹ́kún. Bàbá tó bí mi ni wọ́n ń kì lójú mi, n kò sì lóye ìdajì ohun tí wọ́n ń wí.

Joseph ni orúkọ ìdílé wa. Orúkọ ọkọ ni mò ń jẹ́ báyìí, àmọ́ Joseph ló wà lára gbogbo ìwé ẹ̀rí mi, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Láti kékeré làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ará ibo ni mí, torí orúkọ náà ò sọ ilé, kò sọ ọ̀nà. Bí mo bá bi bàbá mi, "Ẹ̀gbá ni wá" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni mo tó mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ ló wà láàárín bàbá àgbà mi àtàwọn arákùnrin wọn, òun ló gbé bàbá àgbà dé Èkó tí wọn kò fi wẹ̀yìn mọ́. N kò ní gbé ìjà náà síbí. Gbogbo àwọn tó jà á ló ti lọ.

Nígbà tó pé ọdún kan, mo gbéra.

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Ojú irin tuntun yìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, dára fún ẹni tó ní ohun tó fẹ́ rò: kò sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kò sí agbèrò tó ń pariwo. Agége, Kájọlà, Pápálántò, a ti dé Láderin. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ ojú irin Abẹ́òkúta. Mo ya fọ́tò níwájú orúkọ náà bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, mo sì wọ takisí lọ sígboro.

"Ẹ̀gbá ibo ni yín, mà?" Awakọ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀, a ò tíì rìn jìnnà.

Mo ní Ìlúgùn. Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì lẹ́nu mi.

"Ẹ̀gbá Gbágùrá ni yín nìyẹn. Àgùrá lọba yín." Ó tẹ fèrè, ó ń bá ìwakọ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tí mo fi ogójì ọdún wá, ìṣẹ́jú kan ló fi sọ ọ́ fún mi.

Ohun tí àwa tí wọ́n bí sí Èkó kì í mọ̀ nípa Abẹ́òkúta ni pé kì í ṣe ìlú kan. Ọ̀pọ̀ ìlú ló kóra jọ sábẹ́ àpáta kan. Ogun tó fọ́ Òwu láàárín ọdún 1820 sí 1830 ló tàn wọ igbó Ẹ̀gbá, ó ń kó ìlú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yè é bá àwọn jagunjagun gbé ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ò rọ̀ wọ́n lọ́rùn rárá, títí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, fi kó wọn dé ìdí àpáta Olúmọ ní 1830. Ibi tí wọ́n dé náà ni wọ́n ti tún ìlú wọn pè lórúkọ: Ìlúgùn, Kémta, Ìjẹùn, Ìjẹmọ̀, Igbẹ̀ẹ̀n. Olúkúlùkù dá ògbóni tirẹ̀ ní, ó dá olórógun tirẹ̀ ní. Àwọn ará Òwu dé tẹ̀ lé wọn ní 1834. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí o bá sọ fún ọmọ Ẹ̀gbá pé Abẹ́òkúta lo ti wá, o ò tíì dá a lóhùn. Ìlú tí àwọn baba rẹ gbé sá wá ló ń bi ọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Ìyá Ìlúgùn, ìyá tó wá kì bàbá mi lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Bàbá tó bí wọn àti bàbá àgbà mi, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Mo kúnlẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, mà. Ọmọ Joseph láti Èkó."

"Mi ò mọ Joseph kankan." Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. "Háà! Ọmọ Àkànní! Dìde, ọmọ mi, dìde. Wẹ́n ò tíì fún ọ lóúnjẹ?"

Láfún ni wọ́n fi gbà mí lálejò, pẹ̀lú ewédu àti ẹja yíyan. Ìyá ò jẹ́ kí n bèèrè nǹkan kan títí mo fi fọwọ́. Ìgbà náà ni mo gbé fóònù sáàárín wa, mo tan ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Ṣódípọ̀ ni bàbá tó bí àwọn baba wa ń jẹ́. Apènà ògbóni ni wọ́n jẹ́ ní Ìlúgùn, ẹni tí í pe awo jọ sí ilédì, ilé ìpàdé ògbóni. Ohun tí oríkì ń sọ lórí pósí bàbá mi nìyẹn, ọmọ a-pe-awo-kí-awo-jẹ́. Ìyàwó mẹ́ta bí ọmọkùnrin mẹ́ta fún wọn. Àkọ́bí di àgbẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé owó orí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ní kó dárúkọ, ó dá orúkọ ara rẹ̀, ó sì dá ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ń jẹ́ Ṣódípọ̀ títí dòní. Èkejì, bàbá Ìyá Ìlúgùn, fẹ́ràn oyè ilé wọn, ó ní kí wọ́n kọ Apènà. Ẹ̀kẹta ni bàbá àgbà mi, tí oríkì wọn ń jẹ́ Àjàní. Àwọn ló lọ ilé ìwé ìjọ. Joseph ni wọ́n gbà níbi ìrìbọmi, àwọn ọ̀gá tó gbà wọ́n síṣẹ́ l'Ékòó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé òun ni orúkọ ilé wọn.

Bàbá kan, orúkọ ìdílé mẹ́ta. Bí ọmọ Ṣódípọ̀, ọmọ Apènà àti ọmọ Joseph bá pàdé nínú báńkì kan, wọn ò ní mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Mo rò ó títí, ó ń dùn mí. Orúkọ tí à ń tò sẹ́yìn tiwa báyìí, nǹkan àná ni láàárín wa. Owó orí, ìrìbọmi àti ilé ìwé ló bí i. Kó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́, ó di kó bi ọ́ ní agbo ilé rẹ àti oríkì rẹ.

Ìgbà náà ni mo ṣí fọ́tò àárọ̀ wò. Ṣó tó wà nínú Ṣóyínká, òun ló wà nínú Ṣódípọ̀. Oṣó ni, ìdílé olóṣó ló ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ìdílé babaláwo ṣe ń fi Fá síwájú orúkọ tí onílù sì ń fi Àyàn síwájú. Ẹ̀gbá, Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù. Abẹ́ ẹ̀ka orúkọ tiwa ni mo ti kọ́kọ́ dúró l'Abẹ́òkúta, tí mò ń rẹ́rìn-ín sí fóònù, tí n kò mọ̀.

Mo bi Ìyá ní ọdún tí wọ́n bí Ṣódípọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọdún Ìfọ́lé ni." Ìfọ́lé ni ọdún tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, 1867. Bàbá àgbà mi ńkọ́? "Ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló wà nígbà Ogun Àdùbí, tí wẹ́n ń sá lọ sábà." 1918 nìyẹn, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí, tí wọ́n tú ojú irin. Èèyàn lè fi ohun tí àgbà ń pè ní "mi ò mọ ọjọ́ orí mi" ṣírò ọdún ilé kan tán, bó bá ṣáà mọ ogun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá àgbà. Nígbà tí mo ń dúró de akọ̀wé, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló wà lọ́kàn mi. Wọ́n kó wọn lẹ́rú ní 1821. Orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ni wọ́n gbà níbi ìrìbọmi ní Sàró, wọn ò sì ju Àjàyí nù. Nígbà tí wọ́n bá Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, wá sí Abẹ́òkúta ní 1846, ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti tún fojú kan ìyá wọn, lẹ́yìn ọdún 25. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé Crowther ni ìyá náà wá rí. Àjàyí ni wọ́n wá rí.

Akọ̀wé gbé ìwé ńlá kan jáde, etí rẹ̀ ti ń já. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà, ó dúró. Joseph Àjàní. Bàbá: Ṣódípọ̀. Ìlú: Ìlúgùn. Tàdáwà rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì, àmọ́ ó hàn ketekete. Mo fẹnu mi kà á sókè. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ ìyá wà, ẹni tó kọ ọ́ fi ìlà lásán kan fà á kọjá.

Ìlà yẹn ni mo gbé padà bá Ìyá Ìlúgùn, inú ń bí mi. Inú tiwọn ò bí. "Ìyá Àjàní? Àyìnkẹ́ ni wẹ́n ń pè é, aláró ni, ó ń rẹ àdìrẹ ní Ìtọ̀kú. Ìyá Ṣódípọ̀ ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Òwu." Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, obìnrin tẹ̀ lé obìnrin, gbogbo wọn pẹ̀lú oríkì wọn, láìṣi ẹyọ kan. Ọmọ Òwu! Ogun tó fọ́ Òwu ló lé ará Ìlúgùn kúrò nílé, abẹ́ àpáta kan náà ni àwọn méjèèjì sá wá, ni wọ́n bá fẹ́ ara wọn, ni wọ́n bá bí wa.

"Ìwọ ńkọ́, kí ni oríkì rẹ?"

Mo ní n kò ní.

"Irọ́ ni. Èmi ni mo gbé ọ dání lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ. Àṣàkẹ́ ni wẹ́n fún ọ."

Ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀. Mo kàn fi orí lé wọn lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin méjèèjì tó bá Ìyá wá síbi ìsìnkú gbé mi lọ sí Orílé Ìlúgùn. Ọ̀kan ń jẹ́ Ṣódípọ̀, èkejì ń jẹ́ Apènà. A gba Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀nà Ọdẹ́dá, a yà. Oko ẹ̀gẹ́ ni, àti àpáta tó ń yọ orí láàárín oko. N kò rí àmì ogun kankan. Ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Apènà ṣán igbó díẹ̀, ó ní ká dúró, a sì dúró síbẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ti jókòó ní Láderin tí mò ń retí ọkọ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Àṣàkẹ́." Wọn ò ní hẹ́lò. "Mo gbàgbé ẹnì kan. Àjàní ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, ọmọ ìyá ẹ̀ gan-an. Ìtòkò ni wẹ́n fẹ́ ẹ sí. Àwọn ọmọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Mo bèèrè orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Wọ́n dárúkọ náà: kì í ṣe Ṣódípọ̀, kì í ṣe Apènà, kì í ṣe Joseph. N kò rí ìwé lọ́wọ́. Mo yí tíkẹ́ẹ̀tì mi padà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo sì kọ Ìtòkò sábẹ́ rẹ̀.