Iṣẹ́ mi ò jáde

Láti ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ, gbé mi bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń di pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke, ní Ìlọrin, ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé, "Iṣẹ́ mi ò jáde o. Gbogbo kànga tí mo lọ, kò sí E. coli kankan." (E. coli ni kòkòrò inú ìgbẹ́ tí wọ́n ń wá nínú omi.) Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní, "Wá nọ́ńbà kan fi síbẹ̀ jàre. Ta ló fẹ́ padà lọ pọn omi wò?" Yàtọ̀ sí ìyẹn, oòrùn mú, mo ra bébà, mo wálé, mo jẹ ẹ̀bà.

Iṣẹ́ mi ò jáde. Báwo ni kò ṣe jáde? Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè ni pé kí á má rí ẹyọ E. coli kan nínú 100 ml omi mímu. Nínú àwọn agboolé àtijọ́ ní Ìlọrin, kànga àti ṣáláńgá kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. 30 mítà tí wọ́n máa ń gbà wá nímọ̀ràn, ilẹ̀ ibẹ̀ ò gbà á. Bí kànga irú ibẹ̀ bá wá mọ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí baálé àtàwọn ìyálé gbọ́ ni. Ó jáde. Ó jáde gan-an.

Bí ó bá mọ́ lóòótọ́, ṣá.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń yí padà. Àwo tí wọ́n da omi sí kí kòkòrò lè hù, tí nǹkan kan ò hù lórí ẹ̀, lè jẹ́ pé omi mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kòkòrò ti kú kí omi tó dé yàrá àyẹ̀wò. Ẹlòmíì máa ń da chlorine sí kànga ẹ̀ láìsọ fún àlejò. Bí kò bá sí sodium thiosulphate, oògùn tó ń pa agbára chlorine, nínú ìgò, chlorine yẹn á máa pa kòkòrò lọ lójú ọ̀nà. 0.1 ml àpòpọ̀ ẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdá 3 nínú 100, ló ń tó ìgò 120 ml, kí a tó gbé ìgò náà sínú autoclave, ìkòkò tó ń fi ooru omi pa kòkòrò, ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15. Ọ̀pọ̀ máa ń se ìgò, wọn a gbàgbé oògùn yìí. Ẹlòmíì á kó ìgò sínú báàgì ẹ̀yìn, lórí ọ̀kadà, nínú oòrùn, láìsí yìnyín, ó di ọjọ́ kejì kó tó dà á sórí àwo. Tàbí kí iná lọ lóru, kí incubator, àpótí tó ń mú àwo gbóná, tó yẹ kó wà ní 44°C fún wákàtí 24 tutù, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná lọ. Ti àsìkò náà wà ńbẹ̀: omi tí a pọn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ò lè jẹ́rìí fún ti oṣù keje, nígbà tí òjò ń gbá ìdọ̀tí wọ inú ilẹ̀.

Nítorí náà, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà lè mọ̀, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn. Àwo méjì péré ló máa sọ púpọ̀ nínú ẹ̀ fún un. Kó bu omi kọ̀tò díẹ̀, kó fi omi tí a ti sè là á, kó gbé e gba gbogbo ọ̀nà tí omi kànga gbà. Kó sì gbé omi tí a ti sè nìkan gba ibẹ̀ náà. Bí ti kọ̀tò ò bá hu nǹkan kan, ojú ọ̀nà tàbí orí tábìlì ni ẹ̀bi wà, kì í ṣe inú kànga. Bí ó bá hù, tí ti omi sísè àti ti kànga ò hù, ó ti rí nǹkan.

Wá nọ́ńbà kan fi síbẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú. Ìwé yẹn á wọ ilé ìkàwé, ọmọ ọdún tó ń bọ̀ á fà á yọ nínú Orí Kejì tiẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń to iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, pé wọ́n ti rí E. coli ní àdúgbò báyìí báyìí, ẹlòmíì á tún fà á yọ lọ́wọ́ ẹ̀. Agboolé tí wọ́n fi sùn ò tiẹ̀ ní gbọ́ pé wọ́n fi òun sùn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n á kó akẹ́kọ̀ọ́ 20 síhìn-ín, 20 sọ́hùn-ún, wọ́n á fi ọ̀nà tuntun kọ́ apá kan ní ìṣirò. p, nọ́ńbà tó ń sọ bí ó ṣe rọrùn tó kí èèṣì lásán mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, á ju 0.05 lọ, wọ́n á kọ pé ìyàtọ̀ ò sí. Ẹni 20 ò lè sọ bẹ́ẹ̀! Bí ìyàtọ̀ tó wà bá tó ìdajì standard deviation (ìwọ̀n bí máàkì wọn ṣe fọ́n káàkiri tó), ẹni 64 lápá kọ̀ọ̀kan la nílò kí á tó lè máa rí i lẹ́ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún. Pẹ̀lú 20, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni. Fọ́múlà Yamane tí gbogbo èèyàn fi ń ṣírò iye ẹni tí wọ́n máa bi ní ìbéèrè ò ràn wọ́n lọ́wọ́ níbí. Èèyàn 1,200, àṣìṣe 0.05, ó bọ́ sí 300: ìyẹn dára fún mímọ iye àwọn tó ń ṣe nǹkan láàárín ọ̀wọ́ èèyàn kan, kì í ṣe fún fífi apá méjì wéra.

Èsìẹ́, ìlú kan ní Kwara, náà wá sí mi lọ́kàn. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, láti 1945 ni wọ́n ti ṣí mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí tó dájú sọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn àgbà ní àlejò tó di òkúta ni. Ọmọ ìmọ̀ ìtàn tó bá gbọ́ ìtàn ní ilé mẹ́ta tí wọn ò bára mu, kó má yan èyí tó dùn jù. Kó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó sọ ọ́, ilé tó ti wá, ọjọ́ tó sọ ọ́. Àìbáramu yẹn gan-an niṣẹ́ ẹ̀.

Àánú wọn tún ń ṣe mí. "Kí lo rí?" ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ pírójẹ́ẹ̀tì wò máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ, ojú tí wọ́n sì fi ń wo ẹni tó bá ní òun ò rí nǹkan kan... Owó ilé ti fẹ́ pé, ọjọ́ ti sún mọ́. Ta ni kò ní wá nọ́ńbà? Rárá, ó ṣì burú. Ṣùgbọ́n à bá máa kọ́kọ́ bi wọ́n pé báwo lo ṣe wá a.

Bí àkókò bá ṣì wà fún un, kó tún pọn omi kànga mẹ́ta tó sún mọ́ ṣáláńgá jù, láàárọ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Kó bi onílé bóyá ó da chlorine sí i. Kó gbé ìgò sínú kúlà oníyìnyín, kó sì dé yàrá àyẹ̀wò kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Bí ó bá tún jẹ́ òdo, kó kọ òdo náà, kó kọ aago tó pọn ọ́n mọ́ ọn.