"Gbéra" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: ohun tó ń lọ ló ń yan ọ̀rọ̀

Ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ kan ti tó. Èrò tó ń lọ Èkó ti gbéra, mọ́tò tó gbé e ti gbéra, bàálù tó bá gòkè ní pápákọ̀ òfurufú Ìpẹru náà ti gbéra. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tàbí ohun tó ń lọ kó tó mú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀ nínú lẹ́tà àti nínú ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ gbéra jù ni "set off". "We set off at six": aago mẹ́fà la gbéra. "Set" kì í yí padà, ìbáà jẹ́ lónìí tàbí lánàá. Kò sí "setted". Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ, "for" ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e: "After Ojude Oba we set off for Lagos." Bó bá jẹ́ ìrìn àjò fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ dárúkọ, "on" ni: "They set off on a journey." Ẹ má kọ "We set off our journey" láé. Bí "set off" bá ti gba àbọ̀ tààrà, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí nìyẹn: ẹni tó fọwọ́ kan mọ́tò onímọ́tò tí mọ́tò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké ti "set off the alarm".

"Set out" jọ ọ́, àmọ́ ó wúwo jù ú. Ìpinnu wà nínú rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń jìn. Láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìlíṣàn, "set off" ti tó. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ṣágámù dé Ìbàdàn ló "set out". Ìdí nìyí tí "She set out to learn English" fi túmọ̀ sí pé ó pinnu láti kọ́ ọ, láìsí ìrìn kankan níbẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "head for", nítorí pé forí lé gan-an ni, orí wà nínú èdè méjèèjì: "We headed for Epe", a forí lé Ẹ̀pẹ́.

"Take off" la máa ń lò jù, òun la sì ń ṣì lò jù. Bàálù ló ni ín. "The bus took off by six" wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń ṣe é. Àkọ́kọ́, kò sí bọ́ọ̀sì tó ń fò. Èkejì, "by six" túmọ̀ sí pé kò kọjá aago mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ aago márùn-ún ààbọ̀; "at six" ni aago mẹ́fà gééré. Bí ènìyàn bá wá "take off", ṣe ló lọ lójijì. Ọmọ tó kọ ọ́ pé "My father took off to Lagos" lè mú kí òyìnbó tó kà á rò pé bàbá náà sá fi ilé sílẹ̀.

Fún mọ́tò, ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn. "Out" ni jíjáde nínú nǹkan, nítorí náà mọ́tò tó ń jáde ní gáréèjì ń "pull out of the bus station". (Páàkì lásán, ọgbà ìgbafẹ́ ni létí òyìnbó.) "Off" ni kíkúrò lójú kan: táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí lẹ́yìn tí mọ́tò ti dúró, "move off". "Away" ni jíjìnnà: mọ́tò ń "pull away", ẹni tó wá sìn yín sì ń kéré sí i lẹ́yìn.

Wíwọlé àti sísọ̀ náà ní tiwọn. Bọ́ọ̀sì, bàálù, ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀kadà, "get on" àti "get off". Káà àti takisí, "get in" àti "get out of". Ẹ fi "I want to drop at Ode-Remo" sílẹ̀: awakọ̀ ló ń "drop" èrò, èrò fúnra rẹ̀ ń "get off".

Sísìn ni "see off". Ó ń là sí méjì bíi ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là tiwa. A kì í sọ pé "ó bàjẹ́ rẹ̀", "ó bà á jẹ́" là ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "We saw him off" ṣe tọ̀nà tí "We saw off him" kò sì tọ̀nà. Bó bá jẹ́ orúkọ, ẹ lè fi sáàárín tàbí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ kò ní ibòmíràn ju àárín lọ. Àpèjẹ ìdágbére tí à ń pè ní "send-forth", "send-off" ni kẹ́ ẹ kọ.

Ẹ ṣọ́ra fún "make off". Olè ló ni ín: "He made off with the bag."

Ó ku ohùn, etí Yorùbá kò sì ní ṣàì gbọ́ ọ. Ẹ ka "The plane took off at noon" sókè, kí agbára wà lórí "off". Ẹ wá ka "Take-off was at noon": ó ti di ọ̀rọ̀ orúkọ, agbára sì ti bọ́ sórí "take".