Láti Newcastle dé Liverpool: níbi tí iṣẹ́ ọkọ̀ Mauretania ti ṣì hàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá ṣe ń gbé èrò láti England lọ sí New York láyé ìgbà èédú, kó má bẹ̀rẹ̀ látinú fọ́tò yàrá ìjẹun àwọn olówó. Kó wọ rélùwéè lọ sí Newcastle. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti ibùdókọ̀ dé Discovery Museum, wọn kì í gbowó ìwọlé, Turbinia lẹ sì máa kọ́kọ́ rí: ọkọ̀ tín-ínrín kan tó gùn ju mítà 30 lọ. Ẹnjiníà Charles Parsons ló kàn án ní 1894 láti fi dán tábáìnì, ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí, wò. Abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ti ọkọ̀ síwájú ló kọ́kọ́ fi sí i nídìí, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ náà ń yára jù, ó kàn ń pọn omi ní ìfóòfó ni, kò rí omi dì mú. Ó wá pín agbára náà sórí ọ̀pá mẹ́ta, abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1897, níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Spithead, lójú omi gúúsù England, ó sá gba àárín wọn kọjá, kò sí èyí tó lè bá a.

Ẹ wọ Métrò lọ sí Wallsend. Nítòsí ibùdó náà ni Segedunum wà, àwókù odi àwọn ọmọ ogun Róòmù, ó ní ilé ìṣọ́ gíga kan. Látorí rẹ̀ lẹ ó ti rí ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Swan Hunter ti kan Mauretania, ọkọ̀ èrò ńlá tó ń lo tábáìnì, tí wọ́n tì í sómi ní 20 oṣù kẹsàn-án, 1906. Ó gùn tó mítà 240. Ọ̀pá mẹ́rin ló ní. Tábáìnì kì í yí padà sẹ́yìn, nítorí náà wọ́n fi àwọn mìíràn sórí ọ̀pá méjì tó wà láàárín, fún ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ fà sẹ́yìn.

Ooru omi ni tábáìnì ń jẹ, ènìyàn ló sì ń sè é. Bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí omi ti ń hó, jẹ́ 25, ojú ààrò 192. Bí ọkọ̀ náà bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré, ó ń jẹ nǹkan bí 1,000 tọ́ọ̀nù èédú lójúmọ́. Àwọn tó ń koná àtàwọn tó ń fi bárò kó èédú wá fún wọn lé ní 300: wákàtí mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, mẹ́jọ ìsinmi, tọ̀sán-tòru títí wọ́n á fi gúnlẹ̀.

Ẹ má rò pé agbára apá nìkan niṣẹ́ ààrò gbà. Akoná á ṣí ilẹ̀kùn, á fọ́n èédú káàkiri pẹlẹbẹ, á tì í kíá, torí atẹ́gùn tútù tó bá ráyè wọlé ń pa ooru. Bí èédú bá nípọn jù, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbà láti ìsàlẹ̀, èéfín dúdú á gba orí ṣímínì, ooru omi á sì wálẹ̀. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, iná á lu, atẹ́gùn tútù á gba ojú ihò bẹ́ẹ̀ wọ bọ́ílà. Á tún ti irin gígùn bọ abẹ́ iná, á gbé e sókè kó lè mí. Eérú tó bá yọ́ máa ń dì bí ìdàrọ́ mọ́ àárín irin ààrò. Láti kó o kúrò, á wọ́ iná rere sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fa ìdàrọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, wọ́n á bu omi pa á nílẹ̀, á sì tún bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó kù. Nígbà tí òkun bá ru, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn lásìkò tí ọkọ̀ ń dà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹyin iná ni yóò dà sí i lẹ́sẹ̀.

Lójú tèmi, ti àwọn oníbárò ló burú jù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ ni àká èédú wà. Bí wọn ò bá bù ú dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ á fì. Èédú tó wà nítòsí ló ń kọ́kọ́ tán, nítorí náà ojoojúmọ́ ni ọ̀nà wọn ń gùn sí i nínú òkùnkùn àti eruku. Èédú tó kún àká máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí táá fi gbiná. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń jó nínú àká Titanic nígbà tó kúrò ní Southampton ní 10 oṣù kẹrin, 1912. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí i ni kí wọ́n fi ṣọ́bìrì kó èédú ibẹ̀ lọ sínú ààrò títí wọ́n á fi kan ojú iná.

Láti Newcastle, rélùwéè tó lọ tààrà sí Liverpool ń gbà tó wákàtí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni Mauretania ti kọ́kọ́ gbérò, ní 16 oṣù kọkànlá, 1907, èrò tó lé ní 2,000 láyè rẹ̀. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á ti rọ èédú kún un, wọ́n á sì ti fọ eruku rẹ̀ kúrò lára gbogbo nǹkan. Láti ìlú yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ti máa ń wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Kru, ẹ̀yà kan ní etíkun Liberia, ló sì ṣiṣẹ́ ààrò nínú wọn.

Ní ti Mauretania, ní 1909 wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ tí ewé rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin rọ́pò èyí tí ewé rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Lọ́dún yẹn ló gba ipò ọkọ̀ tó yára jù lọ sí New York, kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di 1929, nígbà tí Bremen ti Jámánì gbà á. Lẹ́yìn iná tó jó o ní 1921 ni wọ́n yí ààrò rẹ̀ sí ti epo. Páìpù ń gbé epo wá fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn oníṣọ́bìrì sì padà sílé.

Ní Pier Head, létí omi Liverpool, ẹ wá ọwọ̀n òkúta tí wọ́n ṣí ní 1916. Nítorí àwọn ẹnjiníà Titanic, tí gbogbo wọn bá ọkọ̀ náà rì, ni wọ́n ṣe pinnu rẹ̀. Nígbà tí ogun dé, wọ́n fi ti gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá ẹ́ńjìnnì tó bá omi lọ kún un. Àwọn tó ń ya fọ́tò máa ń dúró níwájú ère àwọn ẹnjiníà. Ẹ yí i po, àwọn akoná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.